Ọkọ̀ Tó Ń Gbọ̀n Lórí Omi Òkòtà

Ẹni tó bá kọjá níwájú ilé wa ní Ìsọlọ̀ nígbà náà á rí ọmọ mi tó ń sùn láàárín sípíkà méjì. Ọkọ mi ló ń kan àpótí sípíkà. Bó bá ti parí ọ̀kan, á gbé e sí ẹnu ọ̀nà, á so wáyà mọ́ ọn, á ṣí orin sókè títí aṣọ fèrèsé àwọn ará òdìkejì yóò fi máa mì. Ọmọ mi á nà gbọọrọ sórí fóòmù rẹ̀, á máa hanrun. Àwọn èèyàn á dúró wò ó, wọ́n á ní, "Ẹ wo ọmọ káfíńtà! Orin ló ń mu bí ọmú." Ọkọ mi á rẹ́rìn-ín, inú rẹ̀ á dùn. Èmi náà á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n tèmi kì í dé ọ̀fun.

Ìyá ọmọ ni mí. Mo ti mọ̀ láti ìgbà tó ń rá pálá. Ìdérí ìkòkò bọ́ lọ́wọ́ mi lẹ́yìn rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó ró gbàǹgà lórí sìmẹ́ńtì, èmi fúnra mi fò sókè. Ọmọ mi ò mira. Mo mú ìdérí náà, mo tún mọ̀ọ́mọ̀ jù ú sílẹ̀. Ó ń bá ṣíbí ọwọ́ rẹ̀ ṣeré lọ. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀. N ò sunkún. Ara mi kàn tutù bí ẹni tí òjò pa.

A gbé e lọ sí ọsibítù. Dókítà pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn rẹ̀, ó lu agogo kékeré kan, ó sì sọ fún àwa méjèèjì pé etí ọmọ náà ò ṣiṣẹ́. Ọkọ mi ní kò sí ohun tó jọ ọ́. Nígbà tí à ń padà bọ̀ wálé, ó ní, "Ṣé o rí i bí oorun ṣe ń kun dókítà yẹn? Èmi tí mò ń kọ́ ilé fún ohùn, ọmọ tèmi ni yóò wá di adití? Etí ọmọ mi á là." N ò bá a jiyàn. Ọ̀rọ̀ náà ń dùn ún ju bó ṣe ń dun èmi lọ, torí pé èmi ti gbà á tẹ́lẹ̀.

Lásìkò yẹn owó epo rọ̀bì ti gbòde. Ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí Òṣòdì lánàá ti ń wa mọ́tò lónìí. Mo mọ ẹni tí kò ní bẹ́ẹ̀dì, orí ẹní ló ń sùn, ṣùgbọ́n ó ní áńpìlífáyà tó ń tan iná pupa àti àwọ̀ ewé. Iṣẹ́ kíkan ilẹ̀kùn àti fèrèsé ni ọkọ mi bá wá sí Èkó láti Ọ̀yọ́. Nígbà tó rí i pé ohùn ni gbogbo ayé ń wá, ó yíwọ́ padà. Ó mọ bí a ti ń lẹ puláwúdù tí afẹ́fẹ́ ò ní rí ibi sá gbà. Bí wọ́n bá gbé sípíkà lásán wá fún un, tó ń ké bí ẹyẹ, bí ó bá ti wọ inú àpótí tirẹ̀, ohùn àgbà ni yóò máa fọ̀.

Ìyá ọkọ mi wá bá wa lẹ́yìn ìkórè. Àgbà obìnrin tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí ẹnu rẹ̀ mú. Agogo wà nínú ẹrù rẹ̀, agogo irin bíi ti ilé ìwé. Gbogbo wa la mọ ohun tí wọ́n ń fi í ṣe: ọmọ tó bá pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀, wọ́n á bu omi sínú agogo fún un mu, kí ohùn agogo lè bá omi wọnú rẹ̀. Láràárọ̀ ni ìyá ń fún un. Bó bá mu ún tán, ìyá á kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, nítorí ọkọ ni ọmọkùnrin ilé wọn jẹ́ fún un, bó ti wù kó kéré mọ, á sì máa kì í. Ìdílé agbẹ́gi ni wọ́n. "Ọmọ a-gbẹ́gi-kígi-ó-fọhùn," báyìí ló ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀, ohùn rẹ̀ á sì máa gòkè, á máa yí, títí ara èmi tí n kì í ṣe ọmọ ilé wọn yóò fi bù máṣọ. Èkìtì ni wọ́n ti mú mi wá. Bí wọ́n bá ń ki ọmọ, ó yẹ kí ó dúró jẹ́ẹ́, kí orí rẹ̀ wú. Èèrà ni ọmọ tèmi ń lé kiri lórí sìmẹ́ńtì.

Ìyá ò bínú. Á kàn dìde, á gbọn eékún, á sì wo ibòmíràn. Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ kan ó pè mí.

"Ìyàwó mi."

"Ẹ̀ẹ́n, Màámi."

"Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mò ń lọ. Bí ọkọ mi ò bá dáhùn oríkì rẹ̀ kí n tó lọ, mo máa gbé e dání. Àwọn tó mọ oògùn etí ń bẹ nílé. Bó bá ti gbọ́, wọ́n á gbé e padà wá fún ọ."

Mo wojú ọkọ mi. Ó ń fi sáńpépà ha pákó, kò gbójú sókè. Ó ní, "Ṣebí ìyá mi ló tọ́ èmi náà."

Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo parí sẹ́kọ́ńdírì, ìwé ẹ̀rí mi wà nínú àpótí aṣọ, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí wọ́n ti kọ́ wa ní ohun tí èèyàn ń fi dá ìyá ọkọ lóhùn. Ọmọ mi ò tíì sùn níbi tí ọwọ́ mi ò dé rí. Bó bá jí, bí kò bá rí mi, tí kò sì lè gbọ́ bí wọ́n bá ń sọ fún un pé "Ìyá ẹ ń bọ̀," kí ló máa rò? Ohun tí mò ń rò nìyẹn nígbà tí mo kúnlẹ̀ tí mo ní, "Ẹ ṣé, mà."

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni iṣẹ́ ọkọ̀ dé.

Ọkùnrin oníyanrìn kan ló gbé e wá. Ìsàlẹ̀ omi ló ti ń wa yanrìn, ó ń kó o wá sí etí bèbè lẹ́yìn Òkòtà, níbi tí ó ṣì jẹ́ igbó àti ẹrẹ̀ nígbà náà, àwọn tó ń kọ́lé sì ń rà á bí ẹni ń ra àkàrà. Owó ti wá, ó ní òun ò lè máa fi ọkọ̀ yanrìn gbé àlejò. Ó kan ọkọ̀ tuntun, ó kùn ún ní funfun àti búlúù, ó ta tápólì lé e lórí, ó gbé ẹ́ńjìnnì sí ìdí rẹ̀. Ó ní òun rí ọkọ̀ òyìnbó kan tó ń kọrin kọjá lójú omi. "Káfíńtà, orin ni mo fẹ́. Kí n tó dé, kí wọ́n ti mọ̀ pé èmi ni mò ń bọ̀."

Gbogbo wa la bá ọkọ mi lọ sí etí omi lọ́jọ́ tó fẹ́ so ẹ̀rọ orin náà pọ̀. Ìyá ní òun ò ní dá jókòó sílé, òun fẹ́ rí ibi tí ọmọ òun ti fẹ́ kan àpótí mọ́ orí omi. Nígbà tó débẹ̀, ó di apá mi mú. "Omi yìí ò ní òpin ni?" Mo ní, "Ó lópin, Màámi." Ó ní, "Ìwọ ti dé òpin rẹ̀ ni?"

Ọkọ mi ti ronú sí iṣẹ́ náà dáadáa. Síkúrù idẹ ló rà, kí omi má bàa jẹ ẹ́. Bátìrì mọ́tò ló fẹ́ fi gbé iná. Èmi ni mò ń ka ìwé pẹlẹbẹ tó bá áńpìlífáyà wá, mò ń túmọ̀ ibi tí wáyà pupa ń lọ àti ibi tí dúdú ń lọ. Sípíkà kéékèèké méjì, tó ń fọ ohùn tínrín, ló so mọ́ abẹ́ tápólì. Ṣùgbọ́n àwọn ńlá méjèèjì, tó ń gbé ohùn bàǹbà, kò lè gbé wọn sí gbangba kí omi máa ta sí wọn lẹ́nu. Abẹ́ àga ló ki wọ́n bọ̀, ó dojú wọn kọ ìsàlẹ̀, ó dè wọ́n mọ́ egungun ọkọ̀ gírígírí.

Nílé, kò sí àpótí kan tó ń jókòó sílẹ̀ lásán. Láńlọ́ọ̀dù wa ti pariwo pé ògiri òun ń sán, nítorí náà ọkọ mi á gé táyà tó ti gbó, á tẹ́ ẹ sábẹ́ àpótí kí ohùn má bàa wọ ilẹ̀. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, rọ́bà dà?"

Ó ní, "Rọ́bà ti kí ni? Láńlọ́ọ̀dù wo ló wà lórí omi? Àbí ẹja ló fẹ́ wá fún wa ní ìwé kúìtì pé ká kó jáde?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ìyá pàápàá rẹ́rìn-ín.

A wọ ọkọ̀. Mo gbá ọmọ mi mọ́ àyà, ìyá jókòó tì mí, ó di àga mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Oníyanrìn fúnra rẹ̀ ló ń tukọ̀. Rẹ́kọ́ọ̀dù ló kó wá, àwo dúdú rẹpẹtẹ. Ọkọ mi ní, "Ọ̀gá, mo sọ fún yín pé èyí ò lè ṣiṣẹ́ níbí." Kò gbà. Wọ́n gbé abẹ́rẹ́ lé e, ìgbì kékeré kan sì gbé wa, abẹ́rẹ́ fò. Olórin bẹ̀rẹ̀ sí pe ọ̀rọ̀ kan náà léraléra.

Ìyá ní, "Olórin, ṣé ọ̀rọ̀ kan yẹn náà ni wọ́n kọ́ ọ?"

Oníyanrìn bú sẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n gbé kásẹ́ẹ̀tì sí i. Ó pa ẹ́ńjìnnì. A ń léfòó níbi tí omi ti fẹ̀, tí igi ògùrọ̀ dúró lọ́wọ́ ọ̀tún, tí òṣíbàtà tẹ́ pẹrẹsẹ lọ́wọ́ òsì. Ọkọ mi tẹ bọ́tìnnì.

Mo ti ń gbé pẹ̀lú sípíkà láti ọjọ́ tí mo ti ṣègbéyàwó. Mo rò pé mo mọ ohun tí orin jẹ́. Ṣùgbọ́n inú yàrá ni mo ti ń gbọ́ ọ, níbi tí ògiri ti dí i, tí àjà ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Lórí omi, kò sí ohun tó dí i. Ó jáde lábẹ́ wa, ó tẹ́ ara rẹ̀ sórí omi bí ẹni tẹ́ ẹní, ó lọ, ó lọ, ó kan igbó òdìkejì, igbó sì dá a padà fún wa ní ohùn tútù, bí ẹni pé àwọn olórin mìíràn wà níbẹ̀ tí wọ́n ń gbè é. Lékeléke tú jáde lórí igi, wọ́n sọ gbogbo ojú ọ̀run di funfun. Mo wo ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, mo rí omi tó ń rún wẹ́wẹ́wẹ́ yí wa ká, bí awọ ara ẹni tí òtútù mú. Ẹ̀rù bà mí. Kì í ṣe ẹ̀rù ibi. Irú èyí tó máa ń bà mí ní ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí gbogbo ìjọ bá dìde lẹ́ẹ̀kan náà ni.

Mo sì rí i pé ọkọ̀ ń gbọ̀n. Pákó tí ẹsẹ̀ mi wà lórí rẹ̀ ń gbọ̀n, àga ń gbọ̀n, eyín mi ń gbọ̀n.

Oníyanrìn figbe ta. "Káfíńtà! Kí lèyí? Ọkọ̀ mi ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe! Ṣé o fẹ́ tú u palẹ̀ ni?"

Ọkọ mi di orí mú. "Rọ́bà ni, ọ̀gá. Rọ́bà ni mi ò fi sí i. Mo máa tún un ṣe."

Ó ti na ọwọ́ láti pa á. Ìgbà náà ni ọmọ mi yọ́ kúrò láyà mi. Ó fi ẹsẹ̀ lásán tẹ pákó.

Ó dúró. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó gbé ọ̀kan sókè, ó gbé e sílẹ̀ padà, bí ẹni ń tọ́ omi gbígbóná wò. Ó jókòó, ó na ọwọ́ méjèèjì sórí pákó. Lẹ́yìn náà ó dùbúlẹ̀, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé inú ọkọ̀, ojú rẹ̀ là kalẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín tó máa ń rín bí mo bá rìn ín níkùn. Ẹ̀rín ẹni tí wọ́n sọ nǹkan fún ni.

Ọkọ mi pa orin nínú ìdààmú tirẹ̀. Ọmọ mi gbórí sókè, ó wo gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ lu pákó, pà, pà. Ó ń bèèrè.

"Ẹ ṣí i padà," mo ní.

Wọ́n ṣí i. Ó tún fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lélẹ̀.

"Ó gbọ́!" Ọkọ mi ń pariwo. "Màámi, ó gbọ́! Mo sọ bẹ́ẹ̀! Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún gbogbo yín!"

Ó wù mí kí n bá a pariwo. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀rẹ̀, mo gbé ọmọ mi kúrò lórí pákó, mo gbé e sókè réré ní apá mi. Orin ṣì ń dún. Ẹ̀rín kú lójú rẹ̀. Mo gbé e sílẹ̀, ẹ̀rín sọjí. Mo tún gbé e sókè. Ó ń na ẹsẹ̀ sí ìsàlẹ̀, ó ń wá pákó.

Ọkọ mi rí i. Apá rẹ̀ tó gbé sókè wálẹ̀. Ó jókòó sórí bátìrì, ó fi ọwọ́ bo ojú, èjìká rẹ̀ ń mì. Láti ọsibítù títí di ọjọ́ yẹn, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa gbà pé etí ọmọ náà ò ṣiṣẹ́. Oníyanrìn, tó ti la ẹnu láti tún bú u, pa ẹnu dé, ó sì yíjú sí ẹ́ńjìnnì rẹ̀.

Ìyá ti ń wo ọmọ náà láti ìgbà tó ti dùbúlẹ̀. Ó jọ̀wọ́ àga tó dì mú, ó sì kúnlẹ̀ sínú ọkọ̀ tó ń mì náà, òun tó ń bẹ̀rù omi.

"Ẹ pa èyí tó ń kọrin yẹn. Ohun tí àwọn wòlíì máa ń gbé sẹ́nu bí wọ́n bá ń wàásù, ṣé ẹ ní?"

Oníyanrìn ní, "Máìkì, Ìyá? Ó wà o, ṣùgbọ́n..."

"Gbé e wá, ọmọ mi."

Ó gbé e lé e lọ́wọ́. Ìyá dì í mú bí ẹni di ọwọ́ ṣíbí. "Ọmọ a-gbẹ́gi-kígi-ó-fọhùn."

Ohùn rẹ̀ bẹ́ jáde lábẹ́ wa. Òun fúnra rẹ̀ ta gìrì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jù ú sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó na ọrùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kì í láti gbòǹgbò. Mo gbọ́ ọ bó ti ń lọ sórí omi, ohùn ìyá arúgbó kan láti ìgbèríko Ọ̀yọ́, ó kọjá òṣíbàtà, ó kọjá àwọn tó ń wa yanrìn ní ọ̀kánkán, tí wọ́n ti gbé ọkọ́ wọn dúró tí wọ́n ń wò wá. Igbó ń ki ọmọ mi padà.

Ọmọ mi gbórí kúrò lórí pákó. Èyí ò jọ ti tẹ́lẹ̀. Ó ń wá ibi tó ti ń wá. Ó wo àga, ó wò mí, ó wá rí ẹnu ìyá tó ń ṣí tó ń padé. Ó ń wo ẹnu náà, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kan ṣì wà lórí pákó. Ó rá lọ bá a. Ó gun itan rẹ̀, ó na ọwọ́, ó sì gbé e lé ìyá lọ́fun, síbi tí ohùn ti ń jáde.

Ìyá ò dákẹ́. Omijé ń ṣàn wọ ẹnu rẹ̀, ó ń kì í lọ. Ọmọ mi dúró jẹ́ẹ́. Mo fi ọwọ́ kan apá rẹ̀, gbogbo irun rẹ̀ ti dìde.

Nígbà tó parí, oníyanrìn fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. Ó ní, "Ìyá, bí wọ́n bá ti kì mí báyìí rí, ǹ bá ti di gómìnà." Ìyá yíjú sí mi.

"Etí rẹ̀ ò gbọ́," ó ní. "Dókítà ò purọ́. Ṣùgbọ́n orí ọkọ mi ti gbọ́ mi."

Mo ní, "Màámi, ṣé ẹ ṣì máa gbé e lọ?"

"Lọ síbo? Kí n lọ fi oògùn jó etí tí kò sí níbẹ̀?" Ó gbé ọmọ náà lé mi lọ́wọ́. "Nígbà tó wà nínú rẹ, tó máa ń tàpá bí o bá ń kọrin, ṣé etí ló fi ń gbọ́ ọ? Pọ̀n ọ́n."

Mo pọ̀n ọ́n, mo di ọ̀já mọ́ ọn.

"Ó yá, sọ ọ́. Ọmọ a-gbẹ́gi-kígi-ó-fọhùn."

Mo sọ ọ́.

"Sókè! Láti àyà. Má sì fi ohùn Èkìtì bà á jẹ́ fún mi. Ṣé ìwọ lo fẹ́ gbọ́ ọ ni àbí òun?"

Mo tún un sọ, sókè, láti àyà, títí mo fi ń gbọ́ ọ nínú egungun mi. Oníyanrìn ti tan ẹ́ńjìnnì, a ti ń padà sí bèbè, ìyá ń sọ, èmi ń gbè. Mo rántí gbogbo ìgbà tí mo ti pọ̀n ọ́n, tí mò ń gún ata, tí mò ń kọ orin ìjọsìn, tí mo rò pé èmi nìkan ni mò ń kọ ọ́. Ìgbà yẹn ló máa ń dákẹ́ jù. Mo ti rò pé oorun ni.

Ìyá kọ́ mi títí ọjọ́ tó fi lọ. A sìn ín dé ibùdókọ̀ ní Òṣòdì, òun àti ẹrù rẹ̀ nìkan. Nígbà tí mọ́tò rẹ̀ ṣí, ariwo àwọn tó ń pèrò gba gbogbo ibẹ̀, n ò gbọ́ ohun tó ń sọ láti ojú fèrèsé, ṣùgbọ́n mo rí ẹnu rẹ̀, mo sì mọ ohun tó ń sọ. Mo bá a sọ ọ́. Lẹ́yìn mi tí mo pọ̀n ọ́n sí, ọmọ mi fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé mi láàárín èjìká méjèèjì, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ mi, kò sì gbé e kúrò.